Omi ti kún, ẹja ti kó kúrò nílé

Àbúrò kan tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, nílẹ̀ Benin) ló kọ̀wé sí mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá, ìparí oṣù kẹsàn-án, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì gbé ìwọ̀ lọ sétí odò lápá Adjohoun, Sátidé àti Sọ́ńdè, epìyà kéékèèké mẹ́ta péré la mú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé sọ pé oṣù yẹn gan-an lẹja máa ń jẹun jù, pé ìjẹ wa ni ò dáa. Ṣé ìjẹ ni lóòótọ́? Àbí Ṣábẹ (Savè) ló yẹ ká lọ lọ́dún yìí? Mo fẹ́ mú ọmọ mi ọkùnrin dání, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni."

Àbúrò, o ṣeun. Jẹ́ n kọ́kọ́ gba ekòló sílẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí ná, kì í ṣe ìjẹ yín. Àwọn ẹja mẹ́ta yẹn gan-an ṣeun tí wọ́n wá kí yín, torí níbi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹja ti kó kúrò nílé, ẹ ń kan ilẹ̀kùn ilé tí ò séèyàn ńbẹ̀, ẹ wá ń bínú sí ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń kàn án.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Faransé ò parọ́ o, ọ̀rọ̀ ilé ọ̀hún ló sọ. Lọ́hùn-ún, tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, ooru á ti máa lọ, omi á máa tutù díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹja tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ wọn, bíi brochet àti perche, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bíi pé ìyàn ń bọ̀, torí ìyàn ń bọ̀ lóòótọ́, òtútù ni ìyàn tiwọn. Omi tó tutù tún máa ń gba ọ́síjìn ju omi gbígbóná lọ, ara ẹja á sì yá. Tiwa ńkọ́? Ti ọwọ́ bọ odò lóṣù kẹsàn-án, kó o tún tì í bọ̀ ọ́ lóṣù karùn-ún, o ò ní mọ èyí tó tutù jù. Òtútù kọ́ ló ń sọ fẹ́ja wa pé àkókò ti yí. Gíga omi ni.

Odò yẹn, Wẹ̀mẹ̀ tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ouémé, ó gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà. Òkè lọ́hùn-ún lápá Tanéka ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ kọjá, Ọ̀pàrà dà sínú ẹ̀, Zou náà dà sínú ẹ̀, kó tó wá sọ̀kalẹ̀ sí Bonou, Adjohoun, Dangbo àti Aguégués. Lókè yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lòjò ń wá lọ́dún, oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ló sì ń le jù. Àwa tá a wà nísàlẹ̀, òjò ẹ̀ẹ̀mejì la ní, nígbà tí òkè ń gba òjò gidi, ó lè jẹ́ pé òjò àrọ̀kúrò ò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, oòrùn ń ràn ní Àjàṣẹ́, aṣọ ń gbẹ lórí okùn, omi sì ń ga lójoojúmọ́ lábẹ́ ilé àwọn ará Aguégués. Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé ẹlòmíì ni. Ẹni tó bá ń fojú ọ̀run wo odò yìí, á máa ṣì í ni.

Láti Bonou lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tómi bá kún, kì í dúró sójú ọ̀nà ẹ̀ mọ́, ó ń wọ koríko, ó ń wọ oko àgbàdo tí olóko ò tètè kó. Ẹja wo ló máa dúró sáàárín odò kí ìṣàn máa gbá a lójú nígbà tí oúnjẹ ti kún inú koríko fọ́fọ́: ekòló tómi lé jáde nínú ihò, ìrẹ̀, èèrà, ikán, hóró irúgbìn. Ti àrọ̀ tiẹ̀ tún ju ti oúnjẹ lọ, ọmọ bíbí ló bá lọ, inú omi tí ò jìn, láàárín koríko, lóru, ló ti ń yé ẹyin ẹ̀. Ìyẹn ni pé lóṣù kẹsàn-án, àrọ̀ tó gùn tó apá rẹ lè wà níbi tí omi ò ti ní mu ọmọ rẹ dé orúnkún, ẹ̀yin wá dúró sórí èbúté, ẹ ń ju ìwọ̀ sí àárín agbami. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe, torí gbogbo ẹni tó bá ti ìgboro wá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ti ṣe é.

Báwo wá lo ṣe máa rí wọn? Ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ wò. Wá ẹnu ibi tí odò kékeré kan ti ya wọ inú koríko, tàbí ẹ̀yìn igi ńlá kan tí omi ò ti sáré, níbi tí omi pupa tó ti òkè wá àti omi dúdú inú koríko ti pàdé, wàá rí ìlà tó là wọ́n láàárín. Dúró jẹ́ẹ́. Pa ohùn fóònù. Tí atẹ́gùn ò bá fẹ́, wàá rí i tí koríko kan á dédé mì, ọ̀kan ṣoṣo, á ta kìjí bí okùn gòjé tí wọ́n fìka kàn, á dákẹ́, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e á mì, ìkẹta á mì, ojú ọ̀nà tí àrọ̀ kan ń gbà lọ nísàlẹ̀ lò ń wò yẹn láìrí i. Nígbà míì wàá gbọ́ ọ, torí àrọ̀ ní nǹkan kan lẹ́yìn ibi tó fi ń mí nínú omi, tó ń ṣe bí ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń yọ ẹnu sókè gba atẹ́gùn, á dún "pọ̀n", omi á sì tún pa dé. Ibi tó o bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, má lọ síbòmíì mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń ju ìwọ̀ sínú koríko yẹn gan-an, ó máa há ni, wàá fà á já. Etí ẹ̀ ni, ní ìwọ̀n apá kan sí koríko, jẹ́ kó dé ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kó o fojú fo. Omi tó ṣì ń ga máa ń tú ẹja ká ju omi tó ti dúró lọ. Tó o bá dé lọ́jọ́ Fúráìdè, gún igi kan sétí omi, fi èédú fa ìlà sí ibi tómi dé, kó o lọ sùn. Láàárọ̀, tómi bá ti bo ìlà yẹn, á jẹ́ pé ẹja ṣì ń wọlé lọ, tẹ̀ lé wọn wọ ibi tí ò jìn. Tó bá dúró síbẹ̀, tàbí tó ti fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹnu odò kékeré ni kó o jókòó sí. Nígbà tómi bá wá fà gidi, oṣù kọkànlá, ọ̀rọ̀ dẹrùn jù, torí gbogbo ohun tó wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé náà sì ni. Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní lọ lóṣù kẹsàn-án rárá, oṣù kọkànlá ni màá lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án ló rọrùn fún ẹ, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ìjẹ náà, torí mo mọ̀ pé o ṣì máa bi mí. Ekòló ni olórí, lọ wú u nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tómi ìwẹ̀ máa ń dà sí, kó o kó o sínú agolo pẹ̀lú erùpẹ̀ ibẹ̀, má bomi sí i. Ìwọ̀ nọ́ńbà 6 tàbí 8 fún epìyà, èyí tó tóbi, 1/0, fún àrọ̀, okùn tó nípọn tó mìlímítà 0,30 tó fún ti epìyà, ti àrọ̀ kó nípọn jù bẹ́ẹ̀. Ègé sílípáàsì tó ti já ni kó o fi ṣe ohun tó máa léfòó, ó dáa ju èyí tí wọ́n ń tà lọ, ọmọ rẹ náà á sì gbádùn àtigé e. Fún ọ̀bọ̀kún, má rẹ́rìn-ín o, ọṣẹ ìfọṣọ, gé e bíi ṣúgà onígun mẹ́rin, fi kọ́ ìwọ̀. Àwọn apẹja tó ń dẹ okùn gígùn oníwọ̀ púpọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹyìn ọ̀pẹ náà ń ṣe é. Epìyà tó ń jẹ koríko máa ń gba àkàsà tó le díẹ̀, rọ ọ́ mọ́ ìwọ̀ kó má tóbi ju ẹ̀wà lọ.

Ṣùgbọ́n epìyà kan wà nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́, èyí tí abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ dúdú bí ẹni tó fẹnu kan ìkòkò, o lè kó gbogbo àkàsà inú ọjà síwájú ẹ̀ kó má wò ó. Ẹrẹ̀ àti ewédò ló ń jẹ, àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú un. Akọ ẹ̀ ló sì ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ọmọ á fi jáde, bàbá tó gbé gbogbo ilé sẹ́nu, ìjẹ wo ló máa ráyè jẹ? Tó bá jẹ́ pé òun ló kún ibi tó o dúró sí, má bá ara rẹ jà, kúrò níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ Ṣábẹ. Ilé mi ni, mi ò lè sọ ọ́ láìdáa, ṣùgbọ́n má mú ọmọ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Àkọ́kọ́, láti Àjàṣẹ́ síbẹ̀ lé ní 200 kìlómítà, ìdajì wíkẹ́ńdì rẹ ti parí sójú títì. Ìkejì ló burú jù: odò lọ́hùn-ún ò tẹ́ bíi ti ìsàlẹ̀, àpáta ló pọ̀ nínú ẹ̀, nígbà tó bá kún, ó ń hó, ó ń gbé ìtì igi kọjá, èmi tí mo dàgbà síbẹ̀, mo dúró sétí ẹ̀ lọ́dún kan, ilẹ̀ tí mo tẹ̀ ni omi ti jẹ abẹ́ ẹ̀, ó já lọ pẹ̀lú báàgì mi, ìwọ̀ mi, àti ẹ̀bà tí wọ́n dì fún mi nílé. Mo di gbòǹgbò kan mú. Ẹ̀bà yẹn ṣì ń dùn mí. Kòkòrò kékeré dúdú kan tún wà tó fẹ́ràn omi tó ń sáré, ojúmọmọ ló ń jẹni, òun ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú, àrùn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá ètò ńlá kan sílẹ̀ lọ́dún 1974 ní orílẹ̀-èdè méje, tiwa náà wà níbẹ̀. Ó ti dínkù gan-an, ṣùgbọ́n kòkòrò yẹn ò tíì kó lọ. Tó o bá fẹ́ rí Ṣábẹ, lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, oṣù kejì, tí Ọ̀pàrà bá ti gbẹ di adágún adágún, tẹ́ja ti kóra jọ sójú kan, tí òkè Ṣábẹ sì mọ́ rekete lójú ọ̀run, wàá padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kétu ńkọ́? Àwọn ará Kétu fúnra wọn mọ̀ pé orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n wà, kànga wọn jìn, ẹni tó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ìwọ̀-oòrùn wá odò Wẹ̀mẹ̀ yìí kan náà, tàbí kó kọjá lọ sí adágún Azili.

Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, odò Adjarra ni màá lọ, odò dúdú yẹn. Kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, zẹ́mìjáǹ, ọ̀kadà wa, á gbé yín dé, igi ògùrọ̀ ṣíji bò ó, omi ẹ̀ ò sáré, ọmọ lè rí ohun tó ń léfòó yẹn dáadáa. Epìyà á pọ̀, wọn ò ní tóbi, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan lójú ọmọ. Ẹ ṣe Sátidé níbẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, tó bá wù ẹ́, kí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ wá àrọ̀ ní Dangbo tàbí Adjohoun, kí ọmọ sùn sílé.

Tẹ́ ẹ bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, kọ́kọ́ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ́ torí ìwà rere nìkan o. Gbogbo ihò gígùn tó o bá rí nínú koríko yẹn, tí wọ́n ń pè ní hwedo, ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, ó ní olówó, ẹja tómi bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ nígbà tó bá fà ni olúwa ẹ̀ máa kó lọ́gbẹlẹ̀. Akájà náà, àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n gún jọ sínú omi kẹ́ja lè máa sá sí, oko ẹlẹ́ni ni, má ju ìwọ̀ sétí ẹ̀ kó o wá máa sọ pé o ò mọ̀. Àwọn omi kan sì ní ọjọ́ tí wọn kì í fi nǹkan kàn án. Béèrè lọ́wọ́ àgbà apẹja ibẹ̀, gbé ọtí kékeré kan dání, wọ́n á fi ibi tó dáa hàn ẹ́ ju èyí tí èmi lè kọ síbí lọ. Tẹ́nìkan bá sì fẹ́ ta oògùn ẹja fún ẹ, tó ní wọ́n máa ń dà á sómi kẹ́ja léfòó, sá fún un, òfin ẹja pípa tọdún 2014 kà á léèwọ̀, yàtọ̀ síyẹn, ènìyàn ló ń mu omi yẹn nísàlẹ̀.

Ti ara yín. Má wọnú omi jókòó, pàápàá omi tí ò sáré tí ojúoró àti òṣíbàtà bo ojú ẹ̀, ìgbín kékeré inú ẹ̀ ló ń gbé àtọ̀sí ajá, bàtà róbà tó dé orúnkún tó. Egbò Buruli náà wà lágbègbè odò yìí, kókó kékeré kan ló sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í dunni, ìyẹn gan-an làwọn èèyàn fi ń fojú di í, tó o bá rí irú ẹ̀ lára ọmọ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, má lọ fi àgbo sí i, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ní Pobẹ̀ wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá máa wọ ọkọ̀, jílé ojú omi fún ọmọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, bí awakọ̀ bá ń rẹ́rìn-ín kó máa rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀jìjì. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n nígbà tó mú mi. Alẹ́ ni, tọ́ọ̀ṣì mi ti ń kú, okùn wúwo, mo ní àrọ̀ ni, mo fà á dé etí ọkọ̀, ara tó ń dán, irùngbọ̀n lẹ́nu, mo sì ti ọwọ́ tó tutù bọ̀ ọ́. Apá mi kú títí dé èjìká, mo jókòó ní ìdí sínú omi inú ọkọ̀, ẹni tó ń tukọ̀ ní kí ló dé, mi ò lè dáhùn, ahọ́n mi ń dùn bíi pé mo lá bátìrì. Iná ara ẹja yẹn lè tó 350 fólítì (volt), iná ilé rẹ ò ju 220 lọ. Ohun tí màá ní kó o wò ni ẹ̀yìn: àrọ̀ ní lẹbẹ gígùn kan tó gba gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, ọ̀jìjì ò ní, ẹ̀yìn ẹ̀ bọ̀rọ́ títí dé ìdí ìrù níbi tí ègé ẹran kékeré kan wà, ara ẹ̀ sanra bíi sọ́séèjì, ó ní àmì dúdú tótòtó. Tó o bá rí bẹ́ẹ̀, gé okùn, ìwọ̀ kan ò tó nǹkan.

Àrọ̀ gidi náà ní tiẹ̀, ẹ̀gún kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó máa ń na méjèèjì nígbà tí wọ́n bá fà á jáde. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ há ẹ̀yìn orí ẹ̀, kí ẹ̀gún méjèèjì sinmi lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ láti ẹ̀yìn, má ti iwájú mú un. Kọ́ ọ dáadáa kó o tó fi han ọmọ, torí ọmọ á fẹ́ gbé e, jẹ́ kó gbé e.

Epìyà tí ẹ bá mú ní Adjarra, tó bá kéré ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ, ẹ dá a padà. Èyí tó kù, ẹ yọ ìfun ẹ̀ níbẹ̀ kó tó gbóná, ata, iyọ̀, kẹ́ ẹ yan án. Tẹ́ ẹ bá dé, má fi fọ́tò ẹja ránṣẹ́ sí mi, mo ti rí ẹja. Ibi tómi dé sí ìlà èédú yẹn láàárọ̀ Sátidé ni kó o kọ wá, àti iye wákàtí tó o fi jókòó kí koríko àkọ́kọ́ tó mì.